Ṣé Irọ́ Ni Ìtàn Àròsọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi fún bí ọdún kan. Mi ò tètè kọ ọ́ nítorí pé èmi fúnra mi ni mo jẹ̀bi jù nínú rẹ̀. Tí ẹ bá kà á dé ibì kan tí ẹ ní, "Háà, Pásítọ̀, ẹ̀yin náà kẹ̀?" ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìwé dé. Ẹ kà á tán.

Ọjọ́rú kan ni, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, òjò dá wa dúró sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Galadimawa mọ bí òjò tiwa ṣe ń ṣe. Tó bá ti ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Lokogoma, ká tó wí ká tó fọ̀, ọ̀nà ti di odò, iná ti lọ, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ti sọ owó di ìlọ́po méjì. Àwa bíi mẹ́fà la ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, ọmọkùnrin tó ń bá wọn ta sìmẹ́ńtì, wá jókòó tì mí. Ó yọ nóòtù mẹ́ta jáde nínú báàgì. Ọ̀rá ló fi wé wọn kí omi má baà dé ibẹ̀, bí ẹni wé ìwé ẹ̀rí.

Ó ní, "Pásítọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé irọ́ ni mò ń pa?"

Ìtàn ló wà nínú àwọn nóòtù náà. Ọkùnrin kan jí owó àjọ àwọn ará àdúgbò rẹ̀, ó sá wá sí Àbújá, iwin kan tó ń gbé inú àpáta Zuma wá ń tẹ̀ lé e kiri. Ọmọ yìí kò ní àkókò àti kọ ọ́ lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn àwọn rìsíìtì àtijọ́ ló ń kọ ọ́ sí, iná fóònù ló fi ń ríran, tó bá wá di Sátidé á dà á kọ sínú nóòtù. Ó ti tó ọdún méjì tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìkirè gbọ́, ó sì pè é lórí fóònù. Ó ní ṣé kò ka Ìfihàn orí kọkànlélógún ni, níbi tí wọ́n ti ka àwọn òpùrọ́ mọ́ àwọn tí yóò bọ́ sínú adágún iná? Ó ní ọmọ tí òun fi àdúrà bí kò gbọdọ̀ fi báírò ra ilẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi pásítọ̀ fi dá a lóhùn. Òjò ti ń dá, ebi ń pa mí, mo sì ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí nóòtù kan, mo kan iwin, mo pa á dé. Mo ní, "Àbúrò mi, ohun tí kò bá gbé ọkàn ró, fi í sílẹ̀ ná. Iwin tó o tún kó sínú rẹ̀ yìí, ṣé o mọ ilẹ̀kùn tó ò ń ṣí ni?" Ó ní, "Ẹ ṣé sà." Ó wé nóòtù rẹ̀ padà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ rántí pé òun ló máa ń pa ààlọ́ fún àwọn ọmọ wa lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá, tí Yorùbá wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó fi ìyẹn náà sílẹ̀. Tí ìtàn bá jẹ́ irọ́, kí ló dé tí Ìjàpá kò fi ní jẹ́ irọ́? Ní Sunday kan, mo ń kọjá lẹ́bàá yàrá wọn, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kékeré kan dá ké fúnra rẹ̀: "Ààlọ́ o!" Àwọn yòókù dáhùn: "Ààlọ̀!" Ó wá dákẹ́. Kò mọ ohun tó kàn.

Èmi náà dúró síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó yẹ kí n ti rò lọ́jọ́ òjò.

Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń pa ààlọ́. Ẹni tó fẹ́ pa á á ké, "Ààlọ́ o!" Bí àwa tí a jókòó kò bá dáhùn, kò ní bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ń kàn yẹn. Ìgbà tí a bá dáhùn, a ti mọ irú ilé tí a wọ̀: ilé tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀, tí orí ń dá rìn lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ. Òpùrọ́ ní tirẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀ onílẹ̀ gba owó lọ́wọ́ yín níhìn-ín ní Galadimawa (ọ̀pọ̀ yín mọ irú wọn) kò ní ké ààlọ́ kó tó na ìwé ilẹ̀ sí yín. Gbogbo agbára irọ́ rẹ̀ wà nínú pé ẹ kò mọ̀ pé ẹ ti wọlé.

Ohun tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ẹni tó pa ààlọ́ á búra. Á ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ró. Á wá fi ọwọ́ lu ẹnu, pó, pó, pó, agogo ti ró, kò purọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí ìjàpá tó dé fìlà rí? Síbẹ̀ ìyá àgbà tó jẹ́ ìyá ìjọ, tí kò jẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré, á pa ìtàn Ìjàpá tó kó ẹ̀bẹ gbígbóná sábẹ́ fìlà nílé àna rẹ̀, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ búra pé òun ò purọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé eré lásán ni. Ní báyìí mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò rí ìjàpá tó dé fìlà rí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó jí ohun tí kò lè fi pa mọ́, tó dúró tó ń kí àna pẹ̀lú ẹ̀rín nígbà tí orí rẹ̀ ń jóná lábẹ́ fìlà, mo ti rí i. Mo ti bá a jókòó ní ìpàdé. Ohun tí ìyá àgbà búra sí nìyẹn.

Mo wá lọ wá ìwé kà. Dípúlómà ni mo gbà ní sẹ́mínárì, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ni mo jẹ́. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń túmọ̀ àwọn òwe Jésù, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi wá pé: ọmọ onínàákúnàá yẹn, àdúgbò wo ló ń gbé? Kí lorúkọ bàbá rẹ̀? Bí ẹnì kan bá fi hàn wá lọ́la pé kò sí ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ṣé ohun kan máa yingin nínú ohun tí Olúwa wa kọ́ wa níbẹ̀? Kò sí. Olúwa wa tó jẹ́ òtítọ́ gan-an ló pa ìtàn náà.

Mo tún ka John Bunyan, oníwàásù tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n ní Bedford nítorí pé ó ń wàásù. Ìwé rẹ̀ ni àwọn àgbà wa mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. David Hinderer, míṣọ́nárì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ayé àwọn baba ńlá wa. Mo ti ka ìwé náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àmọ́ mo fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Níbẹ̀ ni Bunyan ti sọ pé nígbà tí òun kọ ọ́ tán, òun fi han àwọn èèyàn, àwọn kan ní kó tẹ̀ ẹ́, àwọn kan ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí sí i ni pé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó wá dá wọn lóhùn pé Bíbélì fúnra rẹ̀ kún fún òwe àti àfiwé. Ó tẹ̀ ẹ́ ní 1678. Ẹ rí i pé ìyá tó wà ní Ìkirè kọ́ ló kọ́kọ́ bi ìbéèrè yìí.

D. O. Fágúnwà náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ iléèwé ìjọ ni, ó kàwé ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì tún ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Òkè-Igbó ní 1903. Nígbà tó yá ó gba Ọlọ́runfẹ́mi dípò. Ẹ ò rí i? Ọkùnrin yìí yọ Orò kúrò lára orúkọ ara rẹ̀, kò sì yọ iwin kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní 1938, ilé ìtẹ̀wé ìjọ, CMS, ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn àlùfáà ìgbà náà mọ̀ pé iwin wà nínú rẹ̀. Wọn ò ṣe bíi tèmi, pé kí wọ́n kan iwin kí wọ́n pa ìwé dé. (Tí ẹ bá ní n sọ tinú mi, Fágúnwà máa ń wàásù jù fún mi nígbà mìíràn, á dá ìtàn dúró, á kọjú sí òǹkàwé, á bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn. Bí pásítọ̀ bá sọ pé ìwàásù ẹnì kan ti gùn jù, ẹ mọ̀ pé ó gùn.) Nítòsí Bida ní ọ̀dọ̀ wa lókè yìí ni omi ti gbé e lọ ní oṣù Kejìlá 1963.

Àmọ́ ẹni tó mú mi lọ́kàn jù lọ ni Amos Tútùọlá, nítorí pé òun ni mo rí ọmọ oní-sìmẹ́ńtì wa lára rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Gbogbo ọdún tó lò ní iléèwé kò ju nǹkan bíi mẹ́fà lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìwé kíkà dúró, ó lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà ogun Hitler, ó ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ogun parí, iṣẹ́ bọ́. Èyí tó wá rí lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ẹ mọ iṣẹ́ mẹ́séńjà: jókòó síbí, gbé fáìlì yìí lọ sọ́hùn-ún, padà wá jókòó. Inú ìjókòó yẹn ló ti mú pẹ́ńsùlù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ọkùnrin kan tí kò mọ nǹkan mìíràn ṣe ju kó máa mu ẹmu. Adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú, ọkùnrin náà sì gbéra, ó ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Kò mọ ẹni tó lè bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó fi í ránṣẹ́ sí United Society for Christian Literature ní London, ẹgbẹ́ tó ń tẹ ìwé fún àwọn onígbàgbọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ìtàn ọ̀mùtí ni, iwin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, mẹ́séńjà ló kọ ọ́, tábìlì àwọn onígbàgbọ́ ló sì já sí. Wọn kì í tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè sọ ọ́ nù, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi í ṣọwọ́ sí ilé ìtẹ̀wé Faber, àwọn yẹn sì gbé e jáde ní 1952, The Palm-Wine Drinkard. Ẹni tó ka ìwé náà lórí tábìlì yẹn, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ó lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Nílé ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan bínú. Wọ́n ní ó kó ìtìjú bá wa, wọ́n ní àwọn òyìnbó ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní ara ìwé Fágúnwà àti ààlọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ló ti kó o. Ọkùnrin náà lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì alẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára sí i. Mo máa ń ro ìyẹn. Wọ́n ti ń ka ìwé ẹ ní London, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ìwọ ń lọ jókòó ní kíláàsì alẹ́ nítorí pé àwọn ará ilé ẹ ní o ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò fi ìtàn sílẹ̀ ṣá. Òmíràn tẹ̀ lé e ní 1954, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó di ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn. Ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn ọ̀mùtí náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá, ó wá padà sílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn, ọ̀mùtí náà sọ pé bàbá òun fún òun ní oko tó ní igi ọ̀pẹ 560,000. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Kò sẹ́ni tó máa gbé mọ́tò lọ kà wọ́n. Ààlọ́ ti ń lọ, a ti dáhùn, iye yẹn kan ń sọ fún wa irú ọjẹun tí bàbá rẹ̀ ń kẹ́ ni.

Ẹ̀rín náà dá lẹ́nu mi lójijì. Iye mìíràn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ìpàdé àwọn pásítọ̀ kan, wọ́n ní kí olúkúlùkù jábọ̀ ìsọjí tó ṣe. Ẹni tó ṣáájú mi ní 200 èèyàn ló fi ayé wọn fún Jésù níbi tirẹ̀. Ó kàn mí. Mo la ẹnu, mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé 300. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi to àga lọ́jọ́ náà mọ̀ pé àga 80 la yá, gbogbo rẹ̀ kò sì kún. Àwọn tó jáde síwájú kò pé 40. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo jókòó, mo sì jẹun. Mi ò ké ààlọ́ fún wọn. Wọn ò dáhùn ààlọ̀. Ní ti èmi, agogo ẹnu mi kò ró di òní.

Ẹni tó pa irú irọ́ yẹn ló wá ń sọ fún ọmọ tó kọ ìtàn iwin pé kó ṣọ́ra fún ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ìpàdé náà, mo sọ iye tó jẹ́ gan-an fún wọn. Ó tọ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹnì kan lè bi mí: Nátánì wòlíì ńkọ́? Nígbà tó lọ bá Dáfídì, tó sọ ti olówó tó gba ọmọ àgùntàn kan ṣoṣo lọ́wọ́ tálákà, kò ké ààlọ́. Dáfídì rò pé ẹjọ́ gidi ni, ó bínú, ó dá ẹjọ́ ikú. Ṣé Nátánì kò purọ́ báyìí? Ọ̀rọ̀ yìí fún mi ní wàhálà. Ibi tí mo bá a dé ni pé Nátánì kò kúrò níwájú ọba kó tó ṣí i payá. Kí ọba tó mí kanlẹ̀, ó ti nàka sí i pé òun gan-an ni olówó náà. Ìtàn rẹ̀ bo òtítọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí òtítọ́ lè wọlé, irọ́ tèmi sì bo òtítọ́ kí ó má baà jáde láéláé. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé mo ti tú u tán. Tí ẹ bá ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá bá mi ní ọ́fíìsì.

Mo lọ bá arákùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín eruku sìmẹ́ńtì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó tì í lójú ju bó ṣe tì mí lójú lọ, ó ń sọ pé, "Háà, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà." Mo ní kó kó nóòtù rẹ̀ wá, mo sì kà wọ́n lótìítọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìtàn náà dára. Mo ní a ó fi sínú ìwé ìjọ wa yìí, díẹ̀díẹ̀. Ó yọ̀. Mo wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, nítorí pé pásítọ̀ kì í tètè gbọ́n: mo ní kó jẹ́ kí olè náà ronú pìwà dà níparí, kí ìjọ lè rí nǹkan mú lọ sílé.

Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbìyànjú ẹ̀, sà. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ ọ́ pé ó ronú pìwà dà. Kò gbà fún mi. Gbogbo ohun tó ti ń ṣe bọ̀ látẹ̀yìn, irú ẹni yẹn kì í tètè yí padà. Tí mo bá fi dandan kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni màá ti purọ́."

Mo ní ṣé kì í ṣe òun ló ni olè náà ni? Ó ní òun ló ni báírò.

Mo jiyàn pẹ̀lú rẹ̀, mo ní oore-ọ̀fẹ́ ń kọ́? Ṣé Sọ́ọ̀lù ará Tásù kò yí padà lójijì? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, àmọ́ ṣé mo ti rí bó ṣe pẹ́ tó kí ọkùnrin tó wà nínú ìjọ wa yìí, tí gbogbo wa mọ̀, tó fi ọtí sílẹ̀? Ọdún mọ́kànlá. Ṣé kí òun wá fi ojú ìwé kan ṣoṣo ṣe é fún olè, kí ìyàwó ọkùnrin yẹn kà á, kó rò pé nǹkan kan ló kù tí òun ò ṣe tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ronú àwọn ẹ̀rí tí a máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ, tí gbogbo wọn máa ń parí ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àti àwọn tó jókòó lẹ́yìn tí ẹ̀rí tiwọn kò tíì parí. Mo ní kó fi olè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ lẹ́yìn ìsìn. Ó sì kù kí a bá ìyá sọ̀rọ̀. Mo pè wọ́n ní Ìkirè ní Sátidé tó kọjá. Mo ní, "Màmá, èmi ni pásítọ̀ ọmọ yín l'Ábùújá. Mo ti ka ìwé tó ń kọ." Mo ṣe àlàyé títí, láti orí Nátánì dórí ọmọ onínàákúnàá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ kú wàhálà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Ohun tó kọ yẹn, ṣé ó ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Kò ṣẹlẹ̀."

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn, ó ti rọ̀ díẹ̀:

"Olè yẹn, ṣé wọ́n wá rí i mú?"